Àgọ́ Kì Í Ṣe Ìtìjú

   

Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí kan àwọn ìdílé wa tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ọmọ kò mọ ìlú. Bí oṣù keje bá ti ń sún mọ́ ni ìbéèrè kan náà máa ń wá: "Pásítọ̀, kí ni kí a ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí ní ọlidé?" Bàbá ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ìyá ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, ó ń tọ́jú wọn. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde. Ẹnu ọ̀nà ni tọkọtaya ti ń kí ara wọn. Àwọn ọmọ mẹ́ta wà nínú yàrá, olúkúlùkù dojú kọ fóònù tirẹ̀.

Láti kó ènìyàn márùn-ún wá sí Lagos ní oṣù kẹjọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ọkọ̀ àlòkù. Wọn kò sì lè dúró di ìgbà tí owó ọkọ̀ òfuurufú bá wálẹ̀, nítorí ilé-ìwé ti wọlé nígbà náà. Bí ọmọ bá pa ilé-ìwé jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgba àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé òbí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, pọ́n-ùn 80 ni lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di pọ́n-ùn 160.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Àwọn kan á yáwó: wọn á fi káàdì ìyáwó san owó hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ kan, wọn á sì máa san gbèsè náà títí ọlidé mìíràn yóò fi dé. Àwọn kan á jókòó sílé, wọn á gba iṣẹ́ kún iṣẹ́, wọn á sì sọ fún àwọn ọmọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ náà á dé, àkọ́bí á ti pé ọdún 16, kò ní fẹ́ bá bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ síbì kankan mọ́. Ẹ̀yin ará mi, ọmọ kì í dúró de owó kí ó tó dàgbà.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ wá àgọ́ kan, ẹ kó o sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ lọ wo Yúróòpù.

ṢÉ ÌYÀ NI SÍSÙN NÍNÚ ÀGỌ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn. "Pásítọ̀, ṣé torí kí a lè máa sùn sílẹ̀ nínú igbó ni a ṣe wá sí ìlú òyìnbó? Bí ará ilé bá gbọ́ ńkọ́?" Ó yé mi. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá rí ẹni tí ó ń sùn nínú àgọ́, a ó rò pé ogun tàbí omíyalé ni ó lé e jáde. Nínú ìjọ ẹ̀wẹ̀, bí a bá ti pe kámpù, ìpàdé ńlá ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Yúróòpù kò rí i bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ kan ní London, Thomas Hiram Holding, ni ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá kámpù ti òde òní. Ní ọdún 1901 ni ó kó àwọn tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ń sùn nínú àgọ́ jọ di ẹgbẹ́, ó sì tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún wọn ní ọdún 1908. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Òun ni wọ́n ń pè ní Camping and Caravanning Club. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1936 ni òfin kọ́kọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú owó oṣù wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọn kò rí òkun rí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etí òkun. Àwọn tí agbára wọn kò ká hòtẹ́ẹ̀lì di àgọ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà ni kámpù ti di ti gbogbo mùtúmùwà níbẹ̀. Lónìí, kámpù tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé nìkan lé ní 7,000. Dókítà wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, bíríkìlà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń fi táwẹ̀lì kọ́ èjìká, wọ́n ń wọ sálúbàtà lọ sí ilé ìwẹ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀.

Igbó lásán kọ́ sì ni kámpù. Ilẹ̀ tí wọ́n pín sí àyè àyè ni, tí ó ní omi gbígbóná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́, ibi ìfọbọ́, iná mànàmáná, àti ọ́fíìsì tí ẹ ti máa forúkọ sílẹ̀. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń pín wọn ní ilẹ̀ Faransé, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Àwọn onírawọ̀ márùn-ún ní odò ìwẹ̀ àti eré oríṣiríṣi, owó wọn sì lè tó ti hòtẹ́ẹ̀lì. Èyí tí ó yẹ kí ẹ máa wá ni èyí tí wọ́n ń pè ní "camping municipal," tí ìjọba ìbílẹ̀ ìlú kéékèèké ń ṣe. Ní ìgbèríko, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí márùn-ún lè rí àyè fún ọkọ̀ àti àgọ́ wọn níbẹ̀ ní nǹkan bí yúrò 20 sí 30 lálẹ́. Owó orí àlejò díẹ̀ á lé e fún àgbàlagbà. Wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18.

Ẹ wo àkókò pẹ̀lú. Láàárín oṣù keje sí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni gbogbo ilẹ̀ Faransé ń gba ìsinmi, ìgbà náà ni ó wọ́n jù. Lẹ́yìn rẹ̀, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, ọ̀pọ̀ kámpù á sì sọ owó kalẹ̀. Ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà wọlé títí di oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ tí ó sì padà ní ọjọ́ 30 ti rí ojú rere níbi tí ẹlòmíràn ti ń sanwó gọbọi.

ÌWÉ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ TỌ́JÚ

Ẹ má tíì ra àgọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé ìrìnnà gbogbo ilé jọ sórí tábìlì. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, ìwé Britain ni àwọn ọmọ ní, ìwé Nàìjíríà sì ni bàbá tàbí ìyá ń lò. Òfin wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹni tí ó ń lo ìwé Britain kò nílò físà láti wọ orílẹ̀-èdè 29 tí wọ́n wà nínú àdéhùn Schengen. Ó lè lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ nínú ọjọ́ 180. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò gbọdọ̀ tí ì pé ọdún 10 lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ó tó kú, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde.

Ẹni tí ó ń lo ìwé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, bí ó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú Britain. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, yúrò 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Ọmọ tí kò tó ọdún 6 kì í san. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa sun òru tí ó pọ̀ jù ni ẹ máa tọ̀ lọ. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tí ó lè gbé yúrò 30,000 fún ìtọ́jú àìsàn, wọ́n á sì béèrè ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ fi ìwé tí kámpù kọ sí yín pé àwọn ti fi àyè pamọ́ fún yín hàn wọ́n. Wọ́n máa ń gba ìwé ìbéèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù keje, ó lè jẹ́ pé orí ìlà ni ọlidé á ti bá a.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú àti ìka àwọn àlejò ní ẹnubodè, nítorí náà ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì kún àkókò yín. Ẹ tún gba káàdì ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní GHIC lọ́wọ́ NHS. Ọ̀fẹ́ ni, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín gbà á, ẹ sá fún un. Kò gba ipò ìwé adójútòfò, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣubú, tí apá rẹ̀ sì yẹ̀, ẹ ó dúpẹ́ pé ẹ ní in.

ỌKỌ̀ ÀTI Ọ̀NÀ

Ọkọ̀ tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ náà tó, bí táyà rẹ̀ bá dára. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ yín kí ẹ tó lọ. Ẹ lẹ àmì UK mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. GB tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ẹ ní àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sójú ọ̀nà bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, àti ẹ̀wù títàn fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìlẹ̀mọ́ sí iná iwájú kí ó má bàa máa tan sí àwọn tó ń bọ̀ lójú, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bí ti Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn, ara yín á tètè mọ́lé.

Láti ọdún 1994 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba abẹ́ òkun gbé mọ́tò láti Folkestone lọ sí Calais. Ìṣẹ́jú 35 ni. Owó mọ́tò ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe owó orí, ì báà jẹ́ ẹni mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti Dover ń lo nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀. Ẹ wo owó méjèèjì, kí ẹ sì yan àárọ̀ kùtùkùtù tàbí òru láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, Luxembourg àti Jámánì, ọ̀fẹ́ ni òpópónà márosẹ̀ fún mọ́tò kéékèèké. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹ ó bá tóògéètì pàdé. Ní Swítsàlandì, fránkì 40 ni ìlẹ̀mọ́ ọ̀nà fún ọdún kan, bí ọjọ́ kan péré ni ẹ tilẹ̀ fẹ́ lò. Ìlú náà rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ wọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìrìn-àjò mìíràn.

Ọ̀NÀ KAN TÍ Ẹ LÈ TỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ètò òru 12 kan hàn yín.

Ẹ sun òru méjì ní Ieper ní Bẹ́ljíọ̀mù, nǹkan bí kìlómítà 90 sí Calais. Ìlú yìí wà lára ibi tí ogun àgbáyé kìíní ti gbóná jù. Lára ẹnubodè kan tí wọ́n ń pè ní Menin Gate, wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun tí ó lé ní 54,000 tí a kò mọ ibojì wọn. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á sì fun kàkàkí fún wọn. Láti ọdún 1928 ni wọ́n ti ń ṣe é lálaalẹ́, àyàfi ìgbà tí àwọn ará Jámánì gba ìlú náà nínú ogun kejì. Kọ́bọ̀ ni wọn kì í gbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka orúkọ díẹ̀ níbẹ̀; ẹ̀kọ́ ìtàn tí kò sí nínú ìwé ni.

Láti ibẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 320 ni ẹ ó wà lọ sí Luxembourg fún òru mẹ́ta. Láti ọdún 2020, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti tráàmù di ọ̀fẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, fún onílé àti àlejò. Ẹ gbé mọ́tò yín sínú kámpù, kí ẹ sì máa wọ bọ́ọ̀sì kiri. Ẹ dé abúlé Schengen létí odò Moselle, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹnubodè náà nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1985. Ọmọ tí ó bá rí bí abúlé náà ti kéré tó á mọ̀ pé nǹkan ńlá kì í fi gbogbo ìgbà ti ìlú ńlá wá.

Kìlómítà 220 sí i, ẹ dé Strasbourg fún òru mẹ́ta. Ṣóńṣó ilé ìjọsìn ńlá ibẹ̀ ga ní mítà 142. Láti ọdún 1647 dé 1874, kò sí ilé tí ó ga tó o ní gbogbo ayé. Wíwọ inú rẹ̀ kò ní owó. Láti ọdún 2017 sì ni tráàmù ìlú náà ti ń gorí odò Rhine kọjá sí Kehl ní Jámánì. Ẹ ó jẹun àárọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ẹ ó ra áísìkíìmù ní Jámánì, ẹ ó sì padà wá sùn nínú àgọ́ yín. Ẹ ṣáà mú ìwé ìrìnnà dání.

Lẹ́yìn náà ni Paris, kìlómítà 490, òru mẹ́ta. Tóògéètì ọ̀nà yìí lè gbà tó yúrò 40. Kámpù kan wà létí odò Seine nínú igbó Boulogne. Ó wọ́n ju ti ìgbèríko lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi àyè pamọ́ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 kì í sanwó ní Louvre àti ní ààfin Versailles. Notre-Dame, tí iná jó ní ọdún 2019, tún ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ọ̀fẹ́ ni kí ẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ wo ilé gogoro Eiffel láti ìsàlẹ̀. Wíwò kò ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Òru tí ó kù, ẹ sùn sí etí òkun nítòsí Boulogne-sur-Mer, kí àwọn ọmọ lè fi yanrìn ṣeré. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, láti orí òkè Cap Gris-Nez, ẹ ó rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lódìkejì omi. Ní ọjọ́ kejì, ẹ wà dé Calais, ẹ sì padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ láti London, pẹ̀lú ìrìn káàkiri, kò yẹ kí ó ju kìlómítà 1,800 lọ. Ọkọ̀ tí ń lo lítà 7 fún kìlómítà 100 á mu nǹkan bí lítà 126. Fún oorun, ẹ fi yúrò 35 ṣe ìṣirò òru kọ̀ọ̀kan kí Paris lè bá a mu: òru 12 jẹ́ yúrò 420, fún gbogbo ilé. Ẹ fi owó ọkọ̀ abẹ́ òkun, tóògéètì àti adójútòfò kún un. Oúnjẹ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa jẹ nílé. Bí tọkọtaya bá dá àjọ láti oṣù kẹwàá dé oṣù keje, oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ pín gbogbo iye náà sí mẹ́wàá, kí ẹ sì wo bí yóò ti rọrùn tó. Ìrìn-àjò tí a ti san tán kí a tó jáde nílé máa ń dùn.

ÀGỌ́ ÀTI ẸRÙ INÚ RẸ̀

Àgọ́ tí wọ́n bá kọ pé ó gba ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́rin ni yóò gbà lóòótọ́, bí wọ́n bá tò bí sàdín-ìn inú agolo tí wọn kò sì ní àpò kankan. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ní láti wá ti ẹni mẹ́fà. Kò dandan kí ó jẹ́ tuntun: ọ̀pọ̀ ń ra àgọ́, wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ẹ béèrè nínú ìjọ náà. Ó lè wà nínú gáréèjì ẹnì kan.

Ẹ kó èèkàn àti òòlù, ẹní, àpò ìsùn, tìmùtìmù tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tọ́ọ̀ṣì, kúlà, garawa omi, okùn ìsáṣọ, àti bébà ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí kámpù mìíràn kì í pèsè rẹ̀. Ẹ rántí pé òtútù máa ń mú lóru ní oṣù kẹjọ pàápàá. Láti inú ilẹ̀ ni òtútù náà ti ń wá, nítorí náà ohun tí ẹ tẹ́ sábẹ́ ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ fi borí lọ.

Bí ẹ bá gba iná, ẹ béèrè iye áńpíà rẹ̀. Iná áńpíà 6 kò lè gbé ju wáàtì 1,380 lọ. Kẹ́tù ilé yín ní London lè gbà tó wáàtì 3,000. Bí ẹ bá tì í bọ iná, ẹ ó rí òkùnkùn lójijì.

Kí ẹ tó sọdá òkun, ẹ lọ sun òru méjì ní kámpù kan nítòsí yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí òjò pa àgọ́ náà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èèkàn tí kò pé àti ibi tí omi ń gbà wọlé. Ilé kò jìnnà bí ó bá burú.

OÚNJẸ

Láti oṣù kìíní ọdún 2021, a kò gbọdọ̀ kó ẹran tàbí wàrà láti Britain wọ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí. Wàrà ìkókó ni wọ́n yọ sílẹ̀. Wọ́n á kó ọbẹ̀ ẹlẹ́ran dànù lójú yín. Iṣu tútù àti ewébẹ̀ tútù nílò ìwé ẹ̀rí, ẹ fi wọ́n sílé. Gaàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ lè bá yín lọ. Ìyá ilé lè din ata láìsí ẹran, kí ó rọ ọ́ sínú ìgò. Ìrẹsì àti ẹyin wà níbi gbogbo. Sítóòfù gáàsì olójú méjì tó. Ẹ ra sítóòfù tí ó ń lo agolo gáàsì tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Faransé, nítorí sílíńdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ní ọ̀pọ̀ kámpù Faransé, ẹ ó kọ iye búrẹ́dì tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì lálẹ́, ó sì máa ń gbóná bí ẹ bá lọ gbà á láàárọ̀. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn fún ọmọ tí ó kéré jù, kí ó kọ́ bí a ti ń kí ènìyàn lédè Faransé. Kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ Ó LÈ GBA Ẹ̀MÍ

Níbi yìí, mo fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Èkíní: ẹ má ṣe dáná nínú àgọ́ láé. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀yinná tàbí sítóòfù wọlé nítorí òtútù, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé iná ti kú. Èéfín olóró kan wà tí kò ní òórùn tí ojú kò sì rí. Ẹni tí ó bá ń sùn kì í mọ̀ títí yóò fi pa á. Odindi ìdílé ti kú báyìí.

Èkejì: ẹ má ṣe pàgọ́ sí ojú ipadò, bí ó ti wù kí ó gbẹ tó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1996, òjò ńlá rọ̀ sórí òkè ní Biescas ní ilẹ̀ Spéìn. Omi ya lu kámpù kan tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà àgbàrá, ènìyàn 87 sì kú. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé omi kì í gbàgbé ojú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe dáná igi láìbéèrè. Igbó gbígbẹ kì í fi àyè sílẹ̀ fún àforíjì.

Ẹ̀kẹrin: eégbọn wà nínú koríko àti igbó apá ibẹ̀, ó sì ń fa àìsàn. Ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò lálaalẹ́, ní abíyá, ní ẹ̀yìn etí àti láàárín irun dídì.

Ẹ̀karùn-ún: ọmọ tí kò mọ ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ dá wà nítòsí omi, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀pọ̀ odò ìwẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kì í gba ṣòkòtò gbọ̀rẹ̀gẹ̀. Èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ara ni wọ́n ń fẹ́.

ÌWÀ NÍNÚ KÁMPÙ

Àgọ́ kò ní ògiri. Ohun gbogbo tí ẹ bá sọ ni aládùúgbò ń gbọ́. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kí ohùn rẹlẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n tún máa ń sinmi láàárín agogo kan sí mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tí ó bá ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ó má pariwo bí ẹni tí ń pe ẹni tí ó wà lókè odò. Ìsìn òwúrọ̀ ìdílé yín náà, ẹ ṣe é pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ kí ará àgọ́ ẹ̀gbẹ́ yín bí ẹ bá dé. Òun ni yóò yá yín ní òòlù.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí. Ní kámpù, àwọn ọkùnrin ni ẹ ó sábà rí níbi ìfọbọ́ lálẹ́, pẹ̀lú ike abọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìyá ilé náà wá sinmi ni. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò sè, tí yóò fọ̀, tí yóò gbá, ibi iṣẹ́ nìkan ni ẹ yí padà fún un.

OHUN TÍ YÓÒ KÙ

Owó á tán, fọ́tò á ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àgọ́ ń ṣe. Kò sí yàrá tí ọmọ lè sá wọ̀ kí ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá kò lè dá àgọ́ gbé ró; ẹnì kan gbọ́dọ̀ di òpó mú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbá èèkàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ pọn omi. Ọmọ ọdún 14 tí kì í sọ̀rọ̀ nílé á sọ̀rọ̀ nígbà tí òjò bá ń lu orí àgọ́ tí kò sì sí ibòmíràn láti lọ. Tọkọtaya tí wọ́n ti ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún kan á jókòó sórí àga kíká, wọn á sì rí ojú ara wọn. Hòtẹ́ẹ̀lì olówó iyebíye kò lè fún yín ní èyí, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ yín ní London lọ sùn nínú àgọ́, ẹ má ṣe sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ fún un. Ẹ bi í pé kí ni àwọn ọmọ rí.

Ẹ̀yin òbí, ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà ẹni kọ̀ọ̀kan máa kú. Ẹ jókòó pọ̀ kí ẹ kọ iye tí ẹ lè máa yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù láìjẹ gbèsè. Kí ẹ sì lọ tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn níbi iṣẹ́ nísinsìnyí, kí ẹlòmíràn tó gbà á. Àwọn ọmọ ń dàgbà.

Ó dìgbà kan ná.